Ìwé Owó Fídáù Kún, Ìwé Òkú Ṣófo

Ẹni tí ó bá lọ sí ibi fídáù ọjọ́ kẹjọ ní Ọ̀dẹ̀dá, ní Òṣíẹ̀lẹ̀ tàbí ní Ìlùgùn, yóò rí akọ̀wé tí ó jókòó ti àwọn àáfà pẹ̀lú ìwé àti bírò. Owó ni ó ń kọ: iye tí lágbájá fi tọrọ àdúà, iye tí àna òkú mú wá, iye tí ẹgbẹ́ àdúgbò kó jọ. Kọ́bọ̀ kan kò gbọdọ̀ sọnù. Ṣùgbọ́n bí a bá bi í pé, “Ọmọ ọdún mélòó ni olóògbé? Àìsàn wo ni ó pa á? Ṣé oyún wà nínú rẹ̀? Inú ìwé wo ni a kọ ikú rẹ̀ sí?” kò ní rí èsì fọ̀. Owó ní ìṣirò, ènìyàn kò ní! Àbùkù ńlá ni èyí jẹ́ fún àwọn tí ó gbà pé ẹ̀mí wúwo níwájú Ọlọ́hun.

Òfin kò fara sin. Láti ọdún 1992 ni ìjọba àpapọ̀ ti sọ kíkọ ìbí àti ikú sílẹ̀ di dandan, Àjọ Ìkànìyàn ni iṣẹ́ náà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn kan ń wí pé ẹ̀sìn ni kò fún wọn láyè, nítorí pé Mùsùlùmí kì í fi òkú rẹ̀ jáfara. Àwáwí lásán! Sunna ni kí a tètè sin òkú. Kì í ṣe sunna kí a sin orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn. A lè sin òkú kí oòrùn tó wọ̀, kí ìròyìn rẹ̀ sì dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé ìjọba ní ọ̀sẹ̀ kan náà.

Àwọn mìíràn rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ àwọn baba pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ǹjẹ́ kíkà ni ó ń pa ọmọ? Ibà ni ó ń pa á, ìgbẹ́ gbuuru ni ó ń pa á, ọ̀nà jíjìn sí ilé ìwòsàn ni ó ń pa á. Hadíìsì tí Bukhari gbà wá fi hàn pé Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pàṣẹ kí wọ́n kọ orúkọ àwọn tí ó gba Ìsìláàmù sílẹ̀ fún òun, wọ́n sì kọ ti 1,500 ọkùnrin. Sàhábà rẹ̀, Umar, dá ìwé díwánì sílẹ̀ kí ẹ̀tọ́ má bàa fo ẹnikẹ́ni. Ọmọ ọwọ́ pàápàá ní ìpín nínú rẹ̀. Èèwọ̀ wo ni yóò wá borí èyí?

Ẹ wo ohun tí àìkọsílẹ̀ ń fà. Nítorí pé ọ̀pọ̀ sàréè kò ní ìwé, inú ìrántí àwọn alààyè ni a ti ń wá iye òkú. Nínú ìwádìí ìlera ọdún 2018, ńṣe ni wọ́n ń bi àwọn obìnrin léèrè nípa àwọn ọmọ ìyá wọn: ta ni ó ti kú, ṣé inú oyún ni àbí orí ìkúnlẹ̀? Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé bí a bá bí 100,000 ọmọ láàyè ní Nàìjíríà, ìyá tí ó ń bá a lọ tó 512. Nínú 1,000 ọmọ, 132 ń kú kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún. Ṣùgbọ́n ilé díẹ̀ ni irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ń yàn láti ṣojú fún ọ̀pọ̀. Kò lè sọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní Ọpẹ́jì tàbí ní Alábàtà. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka 109,449 ènìyàn ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀dẹ̀dá. Èyí tí wọ́n fẹ́ ṣe ní 2023 ni wọ́n sún síwájú. Àwọn tí ó wà ní abúlé nìkan ni ó lè ka òkú abúlé.

Ẹ rántí Zamfara ní ọdún 2010. Àwọn ọmọdé ń kú ní àwọn abúlé Anka àti Bukkuyum; àwọn ará ilé rò pé ibà ni, wọ́n sì ń sin wọ́n. Nígbà tí àwọn dókítà Médecins Sans Frontières rí i pé òkú náà ti pọ̀ jù, wọ́n ní kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ wò. Òjé ni ó wà níbẹ̀: májèlé láti inú òkúta wúrà tí àwọn ènìyàn ń lọ̀ nínú àgbàlá ilé. Ó tó 400 ọmọ tí ó ti bá a lọ. Iye òkú ni ó tú àṣírí, òun ni ó sì mú kí àwọn tí ó ṣẹ́ kù rí ìtọ́jú. Wọ́n ń fọ́ òkúta ní Ọ̀dẹ̀dá náà. Bí eruku bá ń wọ àyà ọmọ, kí ni àwọn òbí yóò gbé síwájú ìjọba bí kò bá sí ìwé? Ẹkún nìkan kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ̀tọ́ tí kò ní àkọsílẹ̀, afẹ́fẹ́ ni yóò gbé e lọ.

Síbẹ̀, àwọn tí kò kọ òkú ilé wọn sílẹ̀ ni ó ń jiyàn pé àwọn ni ó pọ̀ jù ní ilẹ̀ yìí! Ìkànìyàn 1991 àti ti 2006 kò tilẹ̀ béèrè ẹ̀sìn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kí ni pípọ̀ yóò ṣe fún ìjọ tí kò mọ ohun tí ó ń dín in kù?

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Kí mọ́sáláṣí kọ̀ọ̀kan ra ìwé ńlá kan. Kí lèmọ́mù yan ọkùnrin kan àti obìnrin kan sí i, nítorí pé àwọn obìnrin tí ń wẹ òkú obìnrin mọ ohun tí ọkùnrin kì í mọ̀. Kí wọ́n kọ orúkọ, ọjọ́ orí, abúlé, àìsàn, àti bí oyún bá wà. Kí wọ́n má ṣe yọ ọmọ ọjọ́ kan sílẹ̀. Kí wọ́n pa àṣírí òkú mọ́, kí wọ́n sì fi ìròyìn ikú kọ̀ọ̀kan tó Àjọ Ìkànìyàn létí ní ìjọba ìbílẹ̀. Ọlọ́hun pàṣẹ nínú Al-Kùránì pé kí a kọ gbèsè sílẹ̀, ìbáà kéré, ìbáà pọ̀. Gbèsè wo ni ó ju ẹ̀mí ènìyàn lọ?

Kí Ọlọ́hun fún àwọn olórí ìjọ ní ọkàn láti ṣe é. Àmín.