Ẹ Wá Wò Wọ́n Kí Ẹ Tó Yàn

Bí líìgì bọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè yìí bá ti ń parí lọ́dọọdún ni àríyànjiyàn kan máa ń gbóná láàrin àwọn olólùfẹ́ Shooting Stars ti Ìbàdàn, ẹgbẹ́ tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí 3SC: ta ni kí wọ́n mú wọlé, ta ni kí wọ́n jẹ́ kó máa bá tirẹ̀ lọ? Ẹnìkan á ní atamátàsé ni kò sí. Ẹlòmíì á ní ẹ̀yìn ló ń jò, àfi kí wọ́n wá géńdé méjì tí yóò dí i. Ní Adó-Àwáyè níbí, a ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọlọ́kadà, lẹ́nu àwọn olùkọ́, lẹ́nu àwọn àgbẹ̀ tó ń ti oko bọ̀. Wọ́n mọ orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù tó wà ní Kánò àti Èkìtì tí wọ́n rò pé ó yẹ kí 3SC rà. Orúkọ ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lójú wọn nírọ̀lẹ́ ni kì í wọ inú ọ̀rọ̀ náà.

Ìyẹn ló dùn wá. Òkè-Ògùn, agbègbè tí Adó-Àwáyè wà, ní ìjọba ìbílẹ̀ 10 nínú 33 tó wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ìjọba ìpínlẹ̀ yìí ló sì ni 3SC. Owó gbogbo wa ni wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà ẹgbẹ́ náà. A kò torí ìyẹn ní kí wọ́n máa fi àyè ta wá lọ́rẹ. Ohun tí ìwé ìròyìn yìí ń sọ ni pé kò sẹ́ni tó lè yan ohun tí kò rí, àti pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wá agbábọ́ọ̀lù nílẹ̀ wa kò jẹ́ kí wọ́n rí àwọn tó yẹ kí wọ́n rí.

Ọ̀nà náà ni skríníìn. Ẹgbẹ́ á kéde ọjọ́, àwọn ọmọ á sì rọ́ wá láti ibi gbogbo. Ẹ jẹ́ ká wo ti ọmọ Adó-Àwáyè. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti gun ọ̀kadà dé Ìṣẹ́yìn, ó wọ mọ́tò dé Mọniyà, ó tún wọ òmíràn dé pápá Lékan Sàlámì ní Adámásíngbà. Bàtà tó wọ̀ lè jẹ́ èyí tó yá. Wọ́n á fún un ní nọ́ńbà, wọ́n á sì fi í sínú ikọ̀ tí kò ti mọ ẹnikẹ́ni. Àwọn tó wá láti akadẹ́mì kan náà á máa gbá a síra wọn. Ta ni yóò gbá a sí àlejò? Olúkúlùkù ló fẹ́ kí wọ́n rí òun. Ó lè sáré kiri fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí bọ́ọ̀lù tó kàn án lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n sì fun fèrè pé ó tó. Ti aṣọ́lé tún burú jù: bí àwọn tó wà níwájú rẹ̀ bá dára, kò ní rí bọ́ọ̀lù kankan mú, bí wọn kò bá dára, gólì mẹ́ta á ti wọlé kí ara rẹ̀ tó balẹ̀.

Irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ a máa fi ẹni tó lè sáré hàn, a sì máa fi ẹni tó lè dárà hàn. Kì í fi hàn bóyá ọmọ náà máa ń bojú wẹ̀yìn kí bọ́ọ̀lù tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tàbí bóyá ó máa ń sá padà bí wọ́n bá ti gbà á lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kì í sì í fi hàn irú ẹni tó ń jẹ́ nígbà tí wọ́n bá ti jẹ ikọ̀ rẹ̀ ní gólì méjì, tí àkókò sì ń lọ. Ẹni tó bá wá ra aṣọ òkè ní Ìṣẹ́yìn a máa yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, a máa fọwọ́ fà á kí ó tó yọ owó. Ṣé ènìyàn ni a ó wá máa fi ojú ẹ̀ẹ̀kan yàn?

Àwọn ará Amẹ́ríkà ti sọ ọ̀rọ̀ yíyàn yìí di iṣẹ́ tí àwọn kan ń jẹun lórí rẹ̀. Láti 1936 ni líìgì bọ́ọ̀lù tiwọn, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sá, ti ń ya àkókò sọ́tọ̀ lọ́dún fún ètò tí wọ́n ń pè ní draft, tí àwọn ẹgbẹ́ á fi máa mú àwọn ọmọ tó ti ń gbá a ní yunifásítì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ tó ṣe dáadáa kéré jù ní sáà tó kọjá ni wọ́n ń jẹ́ kó kọ́kọ́ mú, kí àwọn alágbára má baà kó gbogbo ọmọ tó dára. Ẹgbẹ́ 32 ló wà níbẹ̀ báyìí, ìpele méje ni wọ́n sì ń fi mú wọn. Kí ọjọ́ náà tó pé, àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ wíwo ọmọ á ti tẹ̀ lé wọn láti pápá dé pápá fún ọ̀pọ̀ sáà, ìwé á sì wà lọ́wọ́ wọn.

Líìgì bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n wọn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ sì ni ìtàn tó kàn wá jù lọ ti ṣẹlẹ̀, ní 1984. Houston Rockets àti Portland ta owó ẹyọ láti mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ yàn; ó bọ́ sí Houston lọ́wọ́. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Èkó, Hakeem Ọlájuwọ́n, ni wọ́n mú. Ọmọ náà ti ṣọ́ gólì rí ní Èkó, ó sì ti gbá bọ́ọ̀lù ọwọ́, kí ó tó mọ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n nígbà tó ti tó nǹkan bí ọmọ ọdún 15. Bó bá jẹ́ skríníìn ọjọ́ kan ni, ta ni ì bá mú ẹni tó pẹ́ bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n ó ti gbá sáà mẹ́ta fún Yunifásítì Houston, nínú ìlú kan náà tí Rockets fìdí kalẹ̀ sí, ikọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ náà sì wà lára mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú ìdíje orílẹ̀-èdè wọn ní gbogbo sáà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìdàgbàsókè rẹ̀ ṣojú ìlú. Ní 1994 àti 1995 ni ó ṣáájú Rockets gba ife líìgì náà.

Portland ló kàn. Wọ́n ti ní Clyde Drexler ní ipò tí Michael Jordan ń gbá, wọ́n sì wò ó pé ẹni gíga tí yóò dúró láàrin ni àwọn ṣaláìní. Sam Bowie ni wọ́n mú, ọmọ tí egungun ẹsẹ̀ tó fọ́ ti dá dúró fún odidi sáà méjì ní yunifásítì. Chicago tó wà ní ipò kẹta mú Jordan, ife mẹ́fà ló sì gbà pẹ̀lú wọn. Bowie mọ̀ ọ́n gbá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kò jẹ́ kó rí pápá lò bó ṣe yẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé kí 3SC má wo ẹlòmíràn bí kò ṣe atamátàsé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ro ti Portland. Àyè tó ṣófo lónìí lè dí kí sáà tó dé ìdajì. Agbábọ́ọ̀lù tó mọ iṣẹ́ tí ẹ jẹ́ kó kọjá, ẹ ó máa bá a pàdé nínú aṣọ ẹlòmíràn fún ọdún gbọọrọ.

Nínú líìgì bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sá náà, wọ́n ṣì máa ń fo ẹni tó dára dá pẹ̀lú gbogbo ìṣọ́ra yẹn. Adewale Ogunleye, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí New York, jáde ní Yunifásítì Indiana ní 2000 lẹ́yìn tó ti farapa ní orúnkún. Ìpele méje parí, kò sí ẹgbẹ́ kan tó pe orúkọ rẹ̀. Miami gbà á lẹ́yìn náà. Ní 2003 ó wó adarí bọ́ọ̀lù àwọn alátakò mọ́lẹ̀ nígbà 15, kò sì sí ẹni tó tó o ní ìhà líìgì tí ẹgbẹ́ rẹ̀ wà. Bí àwọn tó ń fi ọ̀pọ̀ ọdún wo ọmọ bá lè ṣì í, kí ni ká ti sọ nípa àwọn tó ń fi ìrọ̀lẹ́ kan wò ó?

Kò pọn dandan kí a rìn jìnnà kí a tó rí ẹgbẹ́ tó fara balẹ̀ wá ọmọ, torí 3SC fúnra rẹ̀ ti ṣe é rí. Ẹgbẹ́ yìí ló kọ́kọ́ gba ife Áfíríkà wá sí Nàìjíríà, ní 1976, nígbà tó ṣì ń jẹ́ IICC, tó sì borí Tonnerre ti Yaoundé. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, ẹni tó kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Pólì Ìbàdàn, wà nínú wọn. Ní 22 oṣù Kẹta, 1980, ní Sùúrùlérè, òun ló jẹ méjì nínú gólì mẹ́ta tí a fi na Àlùjíríà gba ife Áfíríkà. Múdà Lawal, ọmọ 3SC bíi tirẹ̀, ló jẹ ẹ̀kẹta. Adokiye Amiesimaka tó ka ìwé òfin ní Yunifásítì Èkó náà wà nínú ikọ̀ yẹn. Ìwé kò dí bọ́ọ̀lù wọn lọ́wọ́.

Ní 1982, 3SC mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún láti UNTL, ikọ̀ ilé-iṣẹ́ aṣọ kan ní Kàdúná. Rashidi Yekini ni. Lọ́dún kejì 3SC gba líìgì. Ní 1984 wọ́n dé àṣekágbá ife àwọn ẹgbẹ́ tó gba líìgì nílẹ̀ Áfíríkà. Yekini ló jẹ gólì àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà jẹ nínú ife àgbáyé, ní 1994. Ẹnìkan ló la ojú rẹ̀ sílẹ̀ wo ikọ̀ ilé-iṣẹ́ kan lókè ọya kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Kàdúná sì jìnnà sí Ìbàdàn ju Adó-Àwáyè lọ fíìfíì.

Ẹ tún wo Ìkẹ́nnẹ́. Kì í ṣe ìlú ńlá. Remo Stars tó fi ibẹ̀ ṣe ilé ní ikọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tirẹ̀, Beyond Limits, tí wọ́n ti ń tọ́ ọmọ títí wọn yóò fi wọ ikọ̀ àgbà. Ní 2025, Remo Stars gba líìgì Nàìjíríà fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ta wá ni kí 3SC yàn? A ó sọ tiwa. Láàrin ọmọ ọdún 18 tí wọ́n ti wò fún odidi sáà kan àti ẹni ọdún 27 tó ti kiri ẹgbẹ́ mẹ́rin láàrin ọdún márùn-ún, kí wọ́n mú ọmọ náà. Àgbà díẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ikọ̀, a kò jiyàn ìyẹn. Ohun tí a kọ̀ ni kí wọ́n máa fi àgbà tó ti rẹ̀ kún ikọ̀ lọ́dọọdún. Kí wọ́n má fi gíga dá ẹnikẹ́ni padà. Ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ òsì gbá a dáadáa kò wọ́pọ̀, bí wọ́n bá rí i, kí wọ́n má jẹ́ kó lọ. Aṣọ́lé ń fẹ́ sùúrù: kí wọ́n mú un ní kékeré, kí ó jókòó lẹ́yìn àgbà fún sáà méjì kí wọ́n tó gbé ẹrù lé e lórí.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí wọ́n wo bí ọmọ ṣe ń gba bọ́ọ̀lù sẹ́sẹ̀. Ibí yìí ni àwọn ọmọ wa ti ní ohun tí skríníìn kì í rí. Ọ̀pọ̀ pápá ilé-ẹ̀kọ́ ní Òkè-Ògùn kò tẹ́jú. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, ilẹ̀ á gan, koríko á jóná, bọ́ọ̀lù á sì máa ta kúrò níbi tí ẹsẹ̀ ń retí rẹ̀. Ọmọ tó bá lè mú bọ́ọ̀lù tó ń bọ̀ látòkè dúró lórí irú ilẹ̀ yẹn, tó sì gbé e fún ẹlòmíràn kí wọ́n tó ká a mọ́, ẹ fi í sórí koríko Adámásíngbà kí ẹ wo ohun tí yóò ṣe.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí kò ṣeé fò. Ní 2009, Amiesimaka tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan jáde sọ ní gbangba pé ọjọ́ orí tí wọ́n kọ fún balógun ikọ̀ Nàìjíríà tí ọmọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ọdún 17 lọ kì í ṣe òótọ́. Ọdún yẹn náà ni FIFA lo ẹ̀rọ MRI láti yẹ egungun ọrùn ọwọ́ àwọn ọmọ wò nínú ìdíje tí a gbà lálejò. Irọ́ ọjọ́ orí ń pa àwọn ọmọ wa lára ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí ẹni ọdún 24 tó pe ara rẹ̀ ní 17 ti gba àyè ọmọ ọdún 17 gan-an. Ẹni tó bá mọ ọmọ láti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò nílò ẹ̀rọ kankan láti mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Èyí pẹ̀lú wà lára ìdí tó fi yẹ kí wọ́n wá wo àwọn ọmọ nílé.

Àwọn kan á ní èrò tó ń kún Adámásíngbà kò ní sùúrù fún ọmọdé, pé bí 3SC bá já kúrò nínú líìgì àgbà, kò sẹ́ni tí yóò bèèrè ọmọ tí wọ́n ń tọ́. Ẹ̀rù náà ní ìdí. Ẹgbẹ́ yìí ti já rí, a sì mọ bó ṣe rí lára. Ṣùgbọ́n ìgbà wo ni ríra agbábọ́ọ̀lù tó ti gbó dá ẹgbẹ́ kankan dúró? Ẹni tí wọ́n rà lónìí, bó bá gbá a dáadáa, ẹgbẹ́ tó lówó jù á rà á lọ́la. Ọmọ tí wọ́n bá tọ́ dàgbà, bó tilẹ̀ lọ, owó á kù nílẹ̀ fún ẹgbẹ́.

Nítorí náà, a ní ohun tí a ń bèèrè lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti àwọn alákòóso 3SC. Ọ̀nà Mọniyà sí Ìṣẹ́yìn, kìlómítà 65, ti di títún ṣe, kò sí àwíjàre pé ibi tí a wà jìnnà. Àwọn àlejò ń ti ọ̀nà tó jìn jù bẹ́ẹ̀ wá gun òkè Adó-Àwáyè láti wo adágún Ìyákẹ́. Kí wọ́n yan ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù sí Ìṣẹ́yìn, sí Ṣakí, sí Kìṣí, tí iṣẹ́ rẹ̀ yóò jẹ́ wíwo ìdíje àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama jálẹ̀ sáà, tí yóò sì máa kọ ohun tó rí sílẹ̀. Kí ó dé Pólì Òkè-Ògùn ní Ṣakí àti ọgbà LAUTECH tó wà ní Ìṣẹ́yìn. Láti 2018 tí líìgì àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga, HiFL, ti bẹ̀rẹ̀, ọmọ yunifásítì kì í ṣe ẹni tí agbábọ́ọ̀lù gidi ń fojú tín-ín-rín mọ́. Bí lẹ́tà ẹni ńlá kan bá dé fún ọmọ tí kò sí nínú ìwé yẹn, kí wọ́n dá lẹ́tà náà padà. Ọmọ tí wọ́n bá sì mú, kí àdéhùn rẹ̀ sọ ọ́ pé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò ní dúró.

Kí sáà tuntun tó bẹ̀rẹ̀, kí 3SC kéde ọjọ́ tí wọn yóò wá àti pápá tí wọn yóò wò. Ẹ̀yin olùkọ́ eré ìdárayá ní Adó-Àwáyè àti gbogbo Òkè-Ògùn, ẹ má dúró dìgbà náà: ẹ kọ orúkọ àwọn ọmọ yín sílẹ̀ láti ìsinsìnyí, pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn gan-an.