Ọba Kì Í Pọ̀kọrin: Ta Ló Ní Orin Ìfẹ̀hónúhàn Kò Yẹ Mùsùlùmí?



Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣàn, NBC, pàṣẹ pé ilé iṣẹ́ kankan kò gbọdọ̀ gbé orin kan tí Eedris Abdulkareem kọ sáfẹ́fẹ́. Orin náà, "Tell Your Papa", rán ọmọ Ààrẹ Tinubu níṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ pé ìyà ń jẹ ará ìlú. Kì í ṣe àṣẹ ìjọba yìí ló dùn mí jù, nítorí ìjọba tó ń bẹ̀rù orin kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wà. Èyí tó dùn mí ni ohùn tó ń ti àárín àwa mùsùlùmí jáde pé ohun tí wọ́n ṣe dára, pé fìtínà ni orin tó bá ń bá aláṣẹ wí, pé àwọn tí kò mọ Ọlọ́hun ló ń kọ irú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò tọ̀nà nínú ìtàn, kò sì tọ̀nà nínú tírà. Ẹ jẹ́ kí n mú ẹ̀rí wá.

Ta ni kò gbọ́ nípa àwọn obìnrin Ẹ̀gbá? Láyé Òyìnbó, obìnrin ń san owó orí ní Abẹ́òkúta, ọmọbìnrin tó bá sì ti pé ọdún 15 kò yọ sílẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n tún ń fi agbára gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà. Àwọn ìyá kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, ìwé ẹ̀bẹ̀ sùn sínú fáìlì. Nígbà tó di 1946, Funmilayo Ransome-Kuti kó àwọn ọlọ́jà àti àwọn obìnrin tó kàwé pọ̀ sínú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo. Ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn wọ́ lọ sí ààfin Aké, wọ́n sì wà níbẹ̀ mọ́jú. Ohun ìjà wo ló wà lọ́wọ́ wọn? Orin ni. Bí aláṣẹ bá ní wọn kò gbọdọ̀ tò jáde, wọ́n á ní fàájì làwọn ń lọ ṣe, wọ́n á sì máa kọrin wọn lọ. Nígbẹ̀yìn, a dá owó orí obìnrin dúró. Ní oṣù kìíní ọdún 1949, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì fi ìlú sílẹ̀ lọ sí Òṣogbo, ó sì di òpin ọdún 1950 kó tó padà.

Ẹ jẹ́ ká bi ara wa pé kí ló dé tó fi jẹ́ orin. Púpọ̀ nínú àwọn ìyá wọ̀nyẹn kò mọ̀wé kọ. Akọ̀wé ló ni ìwé ẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ọjà ló ni orin. Ẹnì kan á lé e, ẹgbẹ̀rún á gbè é, ọlọ́pàá kò sì ní mọ ẹni tó dá a sílẹ̀. Ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan á gbé e relé, á gbé e roko. Owó orí tó wà nínú ìwé òfin tẹ́lẹ̀, orin sọ ọ́ di ohun tí ọmọdé lóye. Ohun tó jẹ́ kí aláṣẹ máa bẹ̀rù rẹ̀ nìyẹn.

Ní 1945, àwọn òṣìṣẹ́ da iṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà, Michael Imoudu sì wà níwájú wọn. Hubert Ògúndé fi eré àti orin "Strike and Hunger" gbè wọ́n lẹ́yìn, ọlọ́pàá Òyìnbó sì dá a dúró ní Jos. Nígbà tí ọlọ́pàá yìnbọn pa awakùsà 21 ní Enugu ní oṣù kọkànlá ọdún 1949, ó tún gbé "Bread and Bullet" jáde. Òmìnira dé, a rò pé ìbẹ̀rù orin á bá Òyìnbó wọkọ̀ lọ. Kò bá a lọ. Ní 1964, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí Akíntọ́lá ń darí, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, fòfin de Ògúndé nítorí "Yorùbá Ronú". Ó di 1966, lẹ́yìn tí ológun gbàjọba, kí wọ́n tó tú òfin náà. Ǹjẹ́ dídí tí wọ́n dí olórin lẹ́nu mú àlàáfíà wá? Ìdìbò ọdún 1965 ti dá wa lóhùn: ilé jó, ènìyàn jó, wẹtiẹ̀ gba ìgboro. Ẹni tó de ọmọrí mọ́ ìkòkò tó ń hó, kò tíì pa iná.

Ní 1977, sójà ya bo ilé Fẹlá, wọ́n jó o, wọ́n sì ju ìyá rẹ̀ sílẹ̀ láti ojú fèrèsé. Funmilayo Abẹ́òkúta ọjọ́sí náà ni ìyá yìí. Ó kú ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ìgbésí ayé Fẹlá kì í ṣe àwòkọ́ṣe fún mùsùlùmí, ṣùgbọ́n èyí kò sọ iná tí sójà dá di ẹ̀tọ́.

Wọ́n á ní, "Níbo ni mùsùlùmí wà nínú gbogbo èyí?" Ó wà ní Òkè-Ọya. Málàmù Sa'adu Zungur, ọmọ Bauchi tó kú ní 1958, kọ ewì ní èdè Haúsá. Ó fi ọ̀rọ̀ Lárúbáwá méjì, jumhuriya àti mulukiya, bi àwọn ènìyàn rẹ̀ bóyá ìjọba tí ará ìlú yàn ni wọ́n fẹ́ tàbí ìjọba ọba. Inú kéú ló ti jáde, kì í ṣe inú ilé ọtí.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣí tírà. Àwọn tó ń bá wa jà fẹ́ràn láti ka Súrà 26 níbi tí Ọlọ́hun ti bá àwọn akéwì wí, wọ́n á sì dúró ní áyà 226. Kí ló dé tí wọn kì í ka 227? Níbẹ̀ ni Ọlọ́hun ti yọ àwọn kan sọ́tọ̀: àwọn tó gbàgbọ́, tó ń ṣe rere, tó ń rántí Ọlọ́hun gidigidi, tí wọ́n sì gbèjà ara wọn lẹ́yìn tí a ti ṣàbòsí sí wọn. Nínú Súrà 4, áyà 148, Ọlọ́hun kò fẹ́ kí á máa kéde ọ̀rọ̀ burúkú, àfi láti ẹnu ẹni tí a bá ṣe àbòsí sí. Kí tún ni orin ìfẹ̀hónúhàn bí kò ṣe igbe ẹni tí a ṣe àbòsí sí? Ànábì wa Muhammad, kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, gbé mínbárì kalẹ̀ nínú mọ́ṣáláṣí Mẹ̀dínà fún Hassan ọmọ Thaabit kó lè fi ewì fèsì fún àwọn ọ̀tá. Ewì ni Ànábì fi dá ewì lóhùn. Ka'b ọmọ Zuhayr tó ti fi ewì bú u, nígbà tó ronú pìwà dà, Ànábì gbọ́ ewì rẹ̀, ó sì forí jì í.

Wọ́n á tún ní Ọlọ́hun pàṣẹ pé ká tẹ̀ lé àwọn aláṣẹ wa. Òótọ́ ni, ó wà nínú Súrà 4, áyà 59. Ṣùgbọ́n áyà kan náà sọ pé bí ìjà bá dé, ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun àti Òjíṣẹ́ Rẹ̀ ni kí á gbé e lọ. Sàyídínà Àbúbákàrì pàápàá, lọ́jọ́ tó gorí oyè, ní bí òun bá ṣe rere kí wọ́n ran òun lọ́wọ́, bí òun bá yẹsẹ̀ kí wọ́n tọ́ òun sọ́nà. Ṣé àwọn aláṣẹ tiwa wá sàn ju Àbúbákàrì lọ ni?

N kò sọ pé gbogbo orin tó kan aláṣẹ ló dára. Nínú orin àwọn ìyá Ẹ̀gbá pàápàá, ọ̀rọ̀ ìhòòhò wà tí n kò lè fi kọ́ ọmọ kéú. Orin tí ẹgbẹ́ òṣèlú kan fi ń bú èkejì nígbà ìdìbò, owó ló ń kọ ọ́. Súrà 49 kìlọ̀ pé kí á má fi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́, kí á má sì fún ara wa ní orúkọ burúkú. Nítorí náà, òṣùwọ̀n mẹ́ta ni mo gbé kalẹ̀: kí ohun tí orin sọ jẹ́ òótọ́, kí ó bá iṣẹ́ ọwọ́ aláṣẹ wí láì kan ara tàbí òbí rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì ti sanwó rẹ̀.

Ẹ gbé òṣùwọ̀n yìí lọ sí ibi wáàsí Ràmàdáànì tiwa. Wéré tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń jí wa sí sààrì ló bí fújì. Lónìí, bí olówó òṣèlú bá wọlé, wáàsí á dúró, olórin á máa pe ẹni tó jẹ owó iléèwé ní òpó ẹ̀sìn, náírà á sì máa rọ̀ bí òjò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin báńkì ìjọba ti ọdún 2007 ka níná owó sí ènìyàn lára sí ẹ̀ṣẹ̀. Kò sí àfáà tó máa ń pe èyí ní fìtínà! Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkùnrin kan ń yin Sàyídínà Ùsùmáànù lójú rẹ̀, Mikdad da òkúta wẹ́wẹ́ sí i lójú, ó ní bẹ́ẹ̀ ni Ànábì ní kí á ṣe fún àwọn apọ́nnilé. Ùsùmáànù, ọkọ ọmọ Ànábì, ni wọ́n ń yìn o! Kí ni Mikdad ìbá wá ṣe níbi wáàsí tiwa?

Nítorí náà, mo ké sí ẹ̀yin olóyè ẹgbẹ́ wa: láti Ràmàdáànì tó ń bọ̀, ẹ má gba olórin ìpọ́nni láàyè níbi wáàsí mọ́. Ẹ̀yin olùkọ́ kéú ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá ń kọ́ ọmọ ní ewì Lárúbáwá, ẹ sọ ìdí tí Hassan fi gun mínbárì fún un. Ẹ̀yin aláṣẹ, bí orin bá ta yín létí, ẹ wá olórin tiyín kó dáhùn. Baba wa ló ní ọba kì í pọ̀kọrin. Ọba tó bá pa á, ta ni yóò sọ fún un pé iná ti ń jó òrùlé ààfin?

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ahọ́n òtítọ́, kó sì fún àwọn aṣíwájú wa ní etí ìgbọ́. Àmín.