Tíkẹ́ẹ̀tì Olówó Pọ́ọ́kú

Ẹ bá mi gbọ́ tọ̀rẹ́ mi kan tó fẹ́ lọ jayé ní Bahia, ní Bùràsíìlì. Torí owó, ó ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: Èkó sí São Paulo, gba Addis Ababa, òmíì láti ibẹ̀ dé Salvador. Wákàtí méjì péré ló fi sáàárín wọn! Ó gbàgbé pé São Paulo ló ti máa to láti lu òǹtẹ̀ sí páásípọ́ọ̀tù, táá tún gbẹrù kọjá lọ́dọ̀ kọ́sítọ́ọ̀mù. Kó tó jáde, bàálù kejì ti gbéra. Wọ́n ní kò kan àwọn, àfi kó ra òmíì. Ká ní tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló rà dé Salvador ni, àwọn tó gbé e ni ìbá wá ọkọ̀ míì fún un. Lójú tèmi, wákàtí márùn-ún ló kéré jù. Orí àga ló sùn mọ́jú.