Àtẹ̀jáde Ìpàdé Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Kíláàsì Àgbà lórí Ìmúrasílẹ̀ fún Ìdánwò Ìṣirò

Àwa ọmọ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kíláàsì àgbà, SS1 títí dé SS3, ní ilé-ẹ̀kọ́ girama wa ní ìlú Ìbàdàn, pé jọ sínú gbọ̀ngán ilé-ìwé lẹ́yìn ìjáde ilé-ẹ̀kọ́ láti jíròrò lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: bí a ó ṣe máa ran ara wa lọ́wọ́ kí ìdánwò Ìṣirò ti WAEC àti NECO tó dé. Olùkọ́ Ìṣirò bá wa jókòó, aṣojú àwọn òbí náà yọjú. Ohun tí a fẹnu kò lé lórí ni a ń fi tó gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn létí yìí.

Ọ̀rọ̀ náà ká wa lára. Ọmọ tí kò bá ní kírẹ́díìtì nínú Ìṣirò, bí àwọn iṣẹ́ yòókù tilẹ̀ dán bí ọjọ́, ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ ní yunifásítì ni kò ní í lè wọlé fún. Bẹ́ẹ̀ ìdánwò náà kò fara sin fún ẹnikẹ́ni. Nínú ti WAEC, ìbéèrè 50 ni ti yan ìdáhùn tó tọ̀nà, wákàtí kan ààbọ̀ la fi ń ṣe é. Èyí tí a ó fi ọwọ́ kọ gba wákàtí méjì ààbọ̀: ìbéèrè 13 ló wà níbẹ̀, 10 là ń dáhùn. Márùn-ún àkọ́kọ́ jẹ́ dandan, máàkì 40 ni wọ́n. Lẹ́yìn náà la ó mú 5 nínú 8 tó kù fún máàkì 60. Ẹni tó bá kọ ìdáhùn sílẹ̀ láì fi bó ṣe dé ibẹ̀ hàn yóò pàdánù máàkì, bí ìdáhùn rẹ̀ tilẹ̀ tọ̀nà.

Ibi tí a ti pẹ́ jù ni bí a ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́ pọ̀. Látẹ̀yìnwá, ẹni tó mọ̀ ọ́n ló ń mú ṣọ́ọ̀kì. Àwa yòókù á máa wo ọwọ́ rẹ̀, a ó máa mi orí, a ó sì dà á kọ. Tí a bá délé, tí a ṣí ojú ewé mìíràn, gbogbo rẹ̀ á dòkùnkùn. Ìpàdé ti pinnu pé àṣà yìí dópin. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹni tí ìbéèrè kò yé ni yóò dúró níwájú pátákó. Ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò jókòó, ìbéèrè ni yóò máa fi tọ́ ọ sọ́nà.

A dán an wò lójú ìpàdé. Ọmọ SS2 kan jáde láti ṣe 5 − 2x > 11. Ó yọ 5 kúrò lọ́tùn-ún lósì, ó ku −2x > 6. Ó fi −2 pín in, ó kọ x > −3. Púpọ̀ nínú wa ló gbà pé ó tọ̀nà. Ọmọbìnrin SS3 tó jókòó tì í kò sọ pé ó kùnà. Ó ní, “Mú nọ́ńbà kan tó ju −3 lọ. Mú òdo, fi í sí ipò x.” Ó kù 5. “Ṣé 5 ju 11 lọ?” Ọmọ náà dákẹ́. “Wá mú −4.” Ìyẹn mú 13 wá. Òun fúnra rẹ̀ ló pa ohun tó kọ rẹ́, tó sì yí àmì náà padà sí x < −3. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè ìdí rẹ̀, ó fi Yorùbá ṣàlàyé pé 3 ju 2 lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n −3 kò tó −2. Nítorí náà, bí a bá ti fi nọ́ńbà tí kò tó òdo pín ọ̀tún àti òsì, èyí tó tóbi tẹ́lẹ̀ ló ń di kékeré. Kò sí ẹni tí yóò tún gbàgbé ìyẹn nínú gbogbo àwa tó wà níbẹ̀.

Látàrí èyí, a fọwọ́ sí i pé kí á máa fi Yorùbá ṣàlàyé fún ara wa, kí á sì fi Gẹ̀ẹ́sì kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀, torí òun ni ìdánwò ń béèrè. A kò fẹ́ kí wọ́n fìyà jẹ ẹnikẹ́ni nítorí pé ó sọ Yorùbá lásìkò ìkẹ́kọ̀ọ́ wa. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, tòun ti Ìṣirò, fún odindi ọdún mẹ́fà, àwọn ọmọ náà sì ṣe dáadáa.

Ẹni tó bá fi ẹni tó wà níwájú pátákó ṣe yẹ̀yẹ́ kò ní bá wa jókòó lọ́jọ́ náà. Ìbéèrè tó bá sì ta kókó mọ́ gbogbo wa lọ́wọ́, inú ìwé kan náà ni a ó kọ ọ́ sí fún olùkọ́, kí àṣìṣe ẹnì kan má baà di ti gbogbo wa.

Ìrànlọ́wọ́ wa dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngán ìdánwò. A kò ní í ra èkìspó, ìyẹn ìbéèrè ìdánwò tí wọ́n jí gbé jáde, a kò ní í dáwó fún un, a kò sì ní í fi ìdáhùn ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni lórí fóònù. Òfin tó de màgòmágó ìdánwò ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún 1999, ọmọ tó bá sì fara kó o lè pàdánù èsì gbogbo iṣẹ́ rẹ̀.

A bẹ ọ̀gá àgbà ilé-ìwé wa kí wọ́n jẹ́ kí kíláàsì kan wà ní ṣíṣí fún wa títí di agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ lọ́jọ́ Ajé àti Ọjọ́rú. Ẹ̀yin òbí wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pè wá sọ́jà lọ́jọ́ méjèèjì yìí. Pàápàá àwọn ọmọbìnrin, tó jẹ́ pé àwọn ni iṣẹ́ ilé àti ọjà títà máa ń gbà lọ́wọ́ ìwé jù. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ṣe ìdánwò kọjá, ẹ bá wa kó ìwé ìbéèrè àtẹ̀yìnwá yín wá, kó tó di ohun tí wọ́n fi ń di ẹ̀pà.

Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, ní agogo mẹ́ta ọ̀sán, la ó bẹ̀rẹ̀. Kí oníkálukú mú ìwé, bírò àti ìbéèrè kan tí kò yé e dání.

Alága àti Akọ̀wé,
fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́.