Rọ́bà afẹ́fẹ́ gbé ìdí ọkọ̀ sókè, iwájú ńkọ́?

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ wá láti Niamey, lọ́dọ̀ bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta kan tó ń ta aṣọ. Ó fẹ́ so remorque mọ́ ẹ̀yìn Hilux rẹ̀, kó máa fi kó ọjà lọ sí Dosso, nǹkan bí 140 kìlómítà. (Bí mo bá pè é ní tírélà, ọkàn yín á lọ sí ọkọ̀ gbọ̀gbọ̀rọ̀.) Ìyàwó àtàwọn ọmọ máa ń bá a lọ. Ó ti fi rọ́bà afẹ́fẹ́ sí ìdí ọkọ̀, ìdí náà kì í wọlẹ̀ mọ́. Ṣé ó tún nílò ìkọ́ tó ń pín ẹrù?

Bí remorque náà bá wúwo, bẹ́ẹ̀ ni o. Ẹ wo pátákó tí àwọn ọmọdé gbé lé orí òkúta, tí wọ́n ń fi ṣeré jáńgílọ́fà. Táyà ẹ̀yìn ni òkúta yẹn. Bí orí remorque bá tẹ ìdí ọkọ̀ mọ́lẹ̀, iwájú á fúyẹ́. Táyà iwájú la sì fi ń yà sọ́tùn-ún sósì, òun náà ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ bíréèkì. Rọ́bà afẹ́fẹ́ á gbé ìdí sókè, iná iwájú kò ní máa tàn sójú ọ̀run mọ́, ìyẹn dáa. Àmọ́ ìwúwo tó ti kúrò níwájú kò padà síbẹ̀. Ọkọ̀ kàn dọ́gba lójú ni, ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn.

Ìkọ́ tó ń pín ẹrù ní ọ̀pá irin tó ń fagbára gbé ibi tí ọkọ̀ àti remorque ti so pọ̀. Á dá díẹ̀ nínú ìwúwo padà sí táyà iwájú, á ti díẹ̀ sí táyà remorque.

Kí ẹ tó so ó, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ wọn gíga láti ilẹ̀ dé etí ara ọkọ̀ lókè táyà iwájú. Ẹ fi afẹ́fẹ́ inú rọ́bà sí iye tó kéré jù tí àwọn tó ṣe é fọwọ́ sí. Ẹ so remorque, ẹ fún ọ̀pá náà títí iwájú á fi sún mọ́ gíga àkọ́kọ́. Ìgbà náà lẹ lè fi afẹ́fẹ́ díẹ̀ kún un, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Bí iwájú bá tún gbéra, afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù, ó ti gba iṣẹ́ ọ̀pá irin ṣe.

Kò sí èyí tó ń fi kún iye ẹrù tí ọkọ̀ lè gbé nínú méjèèjì. Ẹ wo ìwé ọkọ̀ yín, torí àwọn ọkọ̀ kan wà tí kò gba irú ìkọ́ yìí. Bí ẹ kò bá rí i rà, ẹ dín ẹrù kù, kí ẹ sì to ìdì aṣọ tó wúwo sí òkè táyà remorque, síwájú díẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn pátápátá ló wà, remorque á máa jù síhìn-ín sọ́hùn-ún. Lọ́jọ́ tí ọjà bá pọ̀ jù, ẹ jẹ́ kó bá ọkọ̀ akẹ́rù lọ, kí ìyàwó àtàwọn ọmọ wọ bọ́ọ̀sì.