Àlùbọ́sà àti Àlùbọ́sà Eléwé

Ọ̀rọ̀ ilé ìdáná ni mo gbé dé lọ́sẹ̀ yìí láti Tápà, ní ilẹ̀ Ìbàràpá.

Bí ènìyàn bá rán ọmọ lọ ra àlùbọ́sà níhìn-ín, kókó pupa róbótó tó ti Òkè Ọya wá ni ọmọ náà yóò rà bọ̀. Bí ó bá jẹ́ ìdì tútù, oníewé gbọọrọ, onídìí wẹ́wẹ́ ni a ń fẹ́, dandan ni kí a fi "eléwé" kún un. Orúkọ náà pàápàá, àlejò ni: ọ̀dọ̀ àwọn Haúsá ni a ti gbọ́ "albasa", àwọn náà sì gbà á lẹ́nu àwọn Lárúbáwá. Bí a ṣe sọ àwọn méjèèjì ní orúkọ kan kò ṣàìtọ́, nítorí àwọn onímọ̀ nípa ewéko náà ti kà wọ́n sí ẹ̀yà kan ṣoṣo, Allium cepa. Ọmọ ìyá ni wọ́n.

Ìbísí wọn ni kò jọra. Kóró ni a fi ń gbin àlùbọ́sà ńlá. A ó gbìn ín sójú kan, a ó lọ̀ ọ́, ẹyọ kókó kan ni yóò sì fún wa. Ó fẹ́ ọyẹ́, ó fẹ́ ilẹ̀ gbígbẹ tí a ń bomi rin, ìdí nìyí tí Kébbí, Sókótó àti Kánò fi gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ọ̀rinrin tiwa tètè máa ń jẹ ẹ́ rà. Ti eléwé dà bí èbù iṣu: ìdí rẹ̀ kan tí a rì mọ́lẹ̀ yóò pín sí ọ̀pọ̀. Àgbẹ̀ Ìbàràpá wo ni a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ní èyí?

Ìyàtọ̀ yìí kan àpò wa. Ní ìparí ọdún 2020, lẹ́yìn tí omíyalé ba oko jẹ́ ní Kébbí, àlùbọ́sà gbówó lórí kọjá sísọ. Ní oṣù kejì ọdún 2021, lẹ́yìn wàhálà ọjà Ṣáṣá ní Ìbàdàn, àwọn oníṣòwò oúnjẹ àti màlúù dá ọkọ̀ ẹrù tó ń bọ̀ láti Òkè Ọya dúró fún ọjọ́ díẹ̀. Olóúnjẹ tó ń dáná tà kò lè sọ fún oníbàárà pé ọkọ̀ kò dé.

Síbẹ̀, èkíní kò lè ṣe gbogbo iṣẹ́ èkejì. Àlùbọ́sà ńlá ni ìpìlẹ̀ ọbẹ̀ ata; inú epo gbígbóná ni ó ti ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀, tí adùn rẹ̀ fi ń jáde. Bí a bá da ewé eléwé sínú irú epo bẹ́ẹ̀, yóò jóná ni. Ìgbà tí a bá fẹ́ sọ ìkòkò kalẹ̀ ni tirẹ̀, tàbí inú ẹyin dídín àti ẹ̀wà. Lásìkò ọ̀wọ́n, ẹ gé ìdí rẹ̀ sọ́tọ̀, kí ẹ dín ìyẹn ṣáájú, kí ewé tẹ̀ lé e nígbẹ̀yìn. Ọbẹ̀ náà kò ní fi bẹ́ẹ̀ ki, ṣùgbọ́n yóò ṣe é jẹ. (Ní ti ìlasa, èmi kì í fi èyíkéyìí sí i, kí àwọn ará Igbó-Ọrà má baà bá mi jà.)

N kò gba pàṣípààrọ̀ nínú ọ̀rọ̀ àgbo o. Bí eléwé ọmọ bá ní kí ẹ mú àlùbọ́sà eléwé wá, ẹ má ṣe fi kókó ńlá dí i.

Ẹ la ojú yín lọ́jà pẹ̀lú. Òmíràn nínú ìdì tí wọ́n ń tà, àlùbọ́sà ńlá tí wọ́n fà tu ní kékeré ni. Bí a bá gbìn ín, yóò hu ewé, ṣùgbọ́n kò ní pín. Èyí tí méjì tàbí mẹ́ta bá so pọ̀ nídìí kan náà ni kí ẹ mú.

Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kò dán an wò rí létí òkun. Ní Anloga ní orílẹ̀-èdè Gánà, orí iyanrìn tó wà láàrin òkun àti ọ̀sà ni àwọn àgbẹ̀ Ewe ti ń gbin irú onídìí wẹ́wẹ́ yìí tà. Ilẹ̀ Tápà sàn ju iyanrìn lọ. Ike ọ̀dà tí a lu nídìí tó ewé ọbẹ̀ ilé kan: ẹ gé ewé lò, kí ẹ fi ìwọ̀n ìka kan sílẹ̀ lókè gbòǹgbò, kí ẹ rì í sínú ilẹ̀ rírọ̀. Láàrin nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, ewé tuntun yóò ti yọ. Ẹ má jẹ́ kí omi dúró sí i nídìí, pàápàá lásìkò òjò.