Owó ọkọ̀ ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn

Tí ọdún bá ti ń lọ sópin, ọ̀rọ̀ kòńténà kì í wọ́n nípàdé àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú lókè òkun. Ọmọ Ìsọlọ̀ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, èyí tó wà ní Houston, èyí tó wà ní Dublin, gbogbo wọn ló fẹ́ fi nǹkan ránṣẹ́ sáwọn ọmọdé nílé: kọ̀ǹpútà àlòkù, ìwé ìtàn, bọ́ọ̀lù, jẹ́sí. Inú rere ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹrù náà á gúnlẹ̀ sí Àpápá, á gba òpópónà márosẹ̀ Àpápá sí Òṣòdì dé Ìsọlọ̀, wọn á ya fọ́tò, kánsẹ́lọ̀ á dúpẹ́, wọn á kó ẹrù wọlé, wọn á sì tilẹ̀kùn. Ìbéèrè tó yẹ kó gba àkókò ẹgbẹ́ jù lọ lọ́dún yìí ni pé ta ló máa padà wá ṣí ilẹ̀kùn yẹn fáwọn ọmọ ní Sátidé tó tẹ̀lé e, àti ní Sátidé tó tún tẹ̀lé ìyẹn.

Ìsọlọ̀ kì í ṣe ibi tí ọmọdé á ti máa wá ohun tó máa fọwọ́ ṣe tì. Ẹni tó bá mọ Industrial Estate dáadáa mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nǹkan tí gbogbo Nàìjíríà ń lò ló ti ibẹ̀ jáde rí. Iléeṣẹ́ aṣọ Aswani ló fún ọjà Aswani lórúkọ, ọjà tí èrò ń rọ́ lọ ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun nítorí òkìríkà àti aṣọ ọ̀pọ̀. Iṣẹ́ aṣọ ti relé, ọjà kò relé. Lójú ọ̀nà ọjà yìí kan náà ni Emzor wà, iléeṣẹ́ òògùn tí Stella Okoli dá sílẹ̀ ní 1984. Àjọ NAFDAC ní ọ́fíìsì ní Plot 1 nínú Estate yìí. Ládipọ̀, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, kò jìnnà. Síbẹ̀, ọmọ lè gbé Ìsọlọ̀ láti jẹ́léósinmi títí dé ìwé mẹ́wàá kó má mọ ohun tó ń lọ lẹ́yìn àwọn ògiri gàgàrà tó ń gbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ síléèwé. Maigádì nìkan ló mọ̀.

NAFDAC fúnra rẹ̀ ti gbìyànjú àtimú àwọn ọmọdé mọ́ iṣẹ́ rẹ̀ rí. Láàárín 2001 sí 2008 tí Dora Akunyili fi jẹ́ ọ̀gá àgbà níbẹ̀, àjọ náà dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láwọn iléèwé girama, wọ́n pè é ní Consumer Safety Club. Akunyili kò fi ọ̀rọ̀ ayédèrú òògùn ṣe eré. Àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ní àtọ̀gbẹ kú ní 1988 lẹ́yìn tí wọ́n fún un ní ayédèrú insulin. Ohun tí ó fẹ́ ni kí ọmọ iléèwé mọ paálí òògùn kà, kó sì lọ kọ́ àwọn ará ilé rẹ̀: nọ́ńbà NAFDAC dà, ọjọ́ wo ni wọ́n ṣe é, ọjọ́ wo ni yóò bàjẹ́, àdírẹ́sì iléeṣẹ́ wo ló wà lára rẹ̀?

Irú iṣẹ́ yìí kò gba owó. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kó paálí òògùn tó ti tán nílé wá, kí wọ́n tò wọ́n sílẹ̀, kí wọ́n pín wọn sí ọ̀wọ́: èyí tó pé, èyí tí nǹkan kù lára rẹ̀, èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá tí ìyá àgbà ṣì ń lò. Láti 2010 ni àwọn òògùn kan ti ní ibi tí a ti ń ha, tí nọ́ńbà á yọ, tí èèyàn á tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ lórí fóònù kó lè mọ̀ bóyá ojúlówó ni. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè ṣe ìyẹn fún gbogbo ilé. Ẹni tó bá rántí 2008, nígbà tí òògùn eyín kan pa ọmọ ọwọ́ tó lé ní 80 ní Nàìjíríà nítorí májèlé tó bá èròjà rẹ̀ wọlé, kò ní pe kíka paálí ní iṣẹ́ kékeré. Lóòótọ́, kíka paálí nìkan kò lè rí irú májèlé yẹn, yàrá àyẹ̀wò ló lè rí i. Kí a tún sọ ìyẹn fún àwọn ọmọ náà, kí wọ́n mọ ibi tí ojú mọ àti ibi tí ẹ̀rọ ti gbà á.

Àwọn ọmọbìnrin márùn-ún láti iléèwé Regina Pacis ní Oníṣà mú ọ̀rọ̀ yìí kan náà débi tí ẹnikẹ́ni kò retí. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan tí wọ́n ti ń pàdé pẹ̀lú olùtọ́sọ́nà wọn, wọ́n ṣe áàpù orí fóònù kan tó ń yẹ àmì ara paálí wò láti dá ayédèrú òògùn mọ̀, wọ́n gbé e lọ sí ìdíje Technovation ní Kalifóníà ní 2018, wọ́n sì gba ipò kìíní láàárín àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin ẹgbẹ́ wọn láti káàkiri ayé. Ìwé ìròyìn kọ ọ́, wọ́n bá gómìnà ya fọ́tò. Ohun tí ìròyìn kì í kọ ni iye ìpàdé tó ti lọ sábẹ́ ọjọ́ kan yẹn, nígbà tí iná ń lọ, tí íntánẹ́ẹ̀tì ń já, tí olùtọ́sọ́nà sì tún padà wá.

Nítòsí ilé, ẹ wo abẹ́ bíríjì Òṣòdì. Ìjọba ìbílẹ̀ kan náà ni Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé Ajao Estate àti ọmọ tó ń sùn lábẹ́ bíríjì kò jọ ń rí ìlú kan náà. Tunde Onakoya dá Chess in Slums Africa, ẹgbẹ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọ tálákà ní ayò ṣẹ́ẹ̀sì, sílẹ̀ lóṣù kẹsàn-án 2018, Májídun ní Ìkòròdú ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Òun náà mọ bí àìlówó ṣe rí: ṣọ́ọ̀bù bábà ló ti kọ́ ayò ṣẹ́ẹ̀sì nígbà tó wà ní kékeré, ìyá rẹ̀ sì lọ ṣiṣẹ́ agbálẹ̀ níléèwé kan kí wọ́n lè gba ọmọ rẹ̀ síbẹ̀. Láti Ìkòròdú wọ́n dé Mákòkó, nígbà tó yá wọ́n dé Òṣòdì, sọ́dọ̀ àwọn ọmọ tó ń bá dánfó pe èrò, tí ẹnikẹ́ni kì í pè ní ọmọ àfi tí wọ́n bá fẹ́ lé wọn.

Kí ni wọ́n gbé lọ fún wọn? Pátákó onígun 64 àti ọmọ ayò 32. Ọmọ kò ní láti mọ ìwé kà kó tó mọ̀ pé ẹṣin máa ń fo orí ẹlòmíràn kọjá, tí bíṣọ́ọ̀bù kì í kúrò lórí àwọ̀ tó bá bẹ̀rẹ̀. Àwọn baba wa tó ta ayò ọlọ́pọ́n lábẹ́ igi kò ní bèèrè ohun tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń ṣe fún orí ọmọ. Ní oṣù kẹrin 2024, Onakoya jókòó sí Times Square ní New York, ó ta ayò náà fún wákàtí 60 láti fi wá owó iléèwé fáwọn ọmọ. Gbogbo ayé ń wò ó, àwọn ọmọ Nàìjíríà gbé ìrẹsì àti ìlù lọ bá a níbẹ̀. Ó yẹ kí orí wú wa. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ rí nǹkan kọ́ níbẹ̀, kó má wo Times Square pẹ́ jù. Kó wo àwọn olùyọ̀ǹda tí ẹnì kan kò mọ orúkọ wọn, tí wọ́n ń padà lọ bá àwọn ọmọ níbi tí wọ́n wà. Pátákó ayò kò wọ́n. Ẹni tó máa padà wá ló wọ́n.

Ìtàn kan tún wà tí ó yẹ kí a tú wò fínnífínní, nítorí àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ní 2012, wọ́n ṣe ìpàtẹ Maker Faire Africa ní Èkó. Ọmọbìnrin mẹ́rin, ọlọ́dún 14 àti 15, gbé jẹnẹrétọ̀ kan wá tí wọ́n ní ìtọ̀ ló ń lò. Wọ́n ń da ìtọ̀ sínú àpótí kan tí iná mànàmáná ń gbà kọjá láti yọ háídírójìn jáde. Gáàsì náà á gba inú omi kọjá kó lè mọ́, á wọ inú sìlíńdà, á gba inú borax olómi tó ń fa ọ̀rinrin kúrò, á wá wọ jẹnẹrétọ̀. Lítà ìtọ̀ kan, wákàtí 6 iná: báyìí ni wọ́n ṣe kọ ọ́ káàkiri ayé. Nàìjíríà tí epo ti sú kígbe ayọ̀.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní kí a fara balẹ̀. Iná tí wọ́n fi yọ háídírójìn náà, níbo ló ti wá, ṣé kò sì ju èyí tí jẹnẹrétọ̀ dá padà lọ? Ó ju ú lọ. Kò sí bí a ṣe lè gba ọ̀nà yẹn jèrè iná. Àwọn kan fi ìyẹn pẹ̀gàn àwọn ọmọ náà, àwọn mìíràn bínú sáwọn tó bèèrè. Lójú tiwa, ìhà méjèèjì ló ṣìnà. Àwọn ọmọ mẹ́rin tó mọ bí a ṣe ń so rọ́bà mọ́ sìlíńdà, tó mọ ìdí tí gáàsì fi gbọ́dọ̀ gbẹ, ti kọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ ẹni tó gbàwé ẹ̀rí kò fọwọ́ kàn rí. Ohun tó kù ni àgbàlagbà kan tó máa gbé mítà lé wọn lọ́wọ́ kí àwọn oníròyìn tó dé, tó máa sọ pé, ẹ ka iná tó wọlé, ẹ ka èyí tó jáde, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹgbẹ́ ọmọdé bá dára, ìpàdé tó tẹ̀lé àṣeyọrí ni wọ́n máa ń ṣe irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀. Láìsí ìpàdé yẹn, àríwo nìkan ló máa kù.

Kì í ṣe nǹkan tuntun la ń sọ. William Smith dá Boys' Brigade sílẹ̀ ní Glasgow ní 1883, ó sì dé Èkó ní 1908. Sìkáòtù dé ní 1915, Girl Guides ní 1919. Àwọn òbí àwọn kan nínú wa mọ bí a ṣe ń ta kókó okùn oríṣiríṣi títí di òní nítorí pé ẹnì kan dúró tì wọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ní ti JETS, ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì iléèwé girama, ẹni tó bá ṣe é mọ̀ pé bí olùkọ́ físíìsì bá ti gba ìwé ìgbéga lọ síléèwé mìíràn, ẹgbẹ́ náà sábà máa ń tẹ̀ lé e lọ.

Ní Ìsọlọ̀, ta ni ìbá dúró? Rewáyà tó wà ní ìkóríta, télọ̀ tó ń ra òkìríkà ní Aswani láti tún un rán, akẹ́kọ̀ọ́ pọlitẹ́níìkì tó ń wá ibi tó máa fi ọgbọ́n rẹ̀ sí. Tọ́ọ̀ṣì ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀: bátìrì méjì, wáyà, búlọ́ọ̀bù LED kékeré kan láti ara ohun tó ti bàjẹ́. Bí ọmọ bá so LED sódì, kò ní tàn. Kò ní bàjẹ́ náà, kò kàn ní tàn ni. Olùkọ́ tó mọṣẹ́ kò ní sọ fún un. Á jẹ́ kó yí i títí ilé á fi mọ́lẹ̀, nítorí ọmọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ rí i kò tún ní gbàgbé. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má fọwọ́ kan bátìrì lítíọ̀mù inú kọ̀ǹpútà àlòkù, ó ń gbiná. Bẹ́ẹ̀ sì ni, òun ló kún inú kòńténà.

Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí owó kòńténà ọdún yìí di owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ ọ̀sán fún ẹni méjì, ní gbogbo Sátidé, fún ọdún kan gbáko, kí ìyókù sì di owó iyàrá kan àti epo jẹnẹrétọ̀. Kì í ṣe ẹnì kan, ẹni méjì ni. Àwọn òbí tó wà ní Bìrìtìkó mọ̀ pé wọ́n sábà máa ń béèrè ìwé DBS, ìwé àyẹ̀wò bóyá èèyàn ti dá ọ̀ràn rí, lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọmọ níléèwé Sátidé tiwọn. Kò bójú mu kí wọ́n fọwọ́ sí ohun tó dín sí ìyẹn fọ́mọ Ìsọlọ̀. Èkó ní òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé láti 2007. Kí àgbàlagbà kankan má dá wà pẹ̀lú ọmọ, kí òbí buwọ́ lùwé kí wọ́n tó kó ọmọ lọ wo iléeṣẹ́ èyíkéyìí, kí ilẹ̀kùn máa wà ní ṣíṣí tí iṣẹ́ bá ń lọ. Ẹni tí kò bá lè gba ìyẹn, kí ó máa lọ.

Àwọn kan á sọ pé jẹ́sí ṣeé yà ní fọ́tò, owó ọkọ̀ kò ṣeé yà. Òótọ́ ni. Akápò náà á fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe máa rí rìsíìtì, nítorí kò tíì sí kọ́ńdọ̀ dánfó tó kọ rìsíìtì fún ẹnikẹ́ni láti Ìyànà-Ìsọlọ̀ dé Òṣòdì. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ ló máa dípò rẹ̀: ọjọ́, iye ọmọ tó wá, ohun tí wọ́n ṣe, ibi tí wọ́n bá a dé, kí òbí kan sì buwọ́ lù ú kí wọ́n tó tilẹ̀kùn. Kí wọ́n máa ya ojú ewé náà ránṣẹ́ lórí WhatsApp ní alẹ́ Sátidé, kí akọ̀wé kà á sétí ìgbọ́ ìpàdé gbogboogbò, títí kan ọ̀sẹ̀ tí òjò kò jẹ́ kí ọmọ tó ju mẹ́ta lọ wá.